Ẹnu Ọ̀nà Ilé Eré Lórí Fóònù

Àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ dé, kì í sì í dé tán lẹ́ẹ̀kan náà. Òkùnkùn ni yóò kọ́kọ́ bo ìdajì òkè ojú fóònù, pẹ̀lú àbàwọ́n pupa kan tí kò tíì ní ìrísí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń fà á wá díẹ̀díẹ̀, àbàwọ́n yẹn á di ìró, ìró á di obìnrin tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ á sì di aṣọ ìkélé tí iná kan ṣoṣo ń tàn sí láti apá òsì.

Lábẹ́ àwòrán ni orúkọ eré wà, ní lẹ́tà funfun gàdàgbà. Lábẹ́ orúkọ ni ìlà kéékèèké mẹ́ta: ọjọ́, aago, gbọ̀ngàn. Bọ́tìnì kan ló tẹ̀ lé wọn, ó fẹ̀ láti etí kan dé ìkejì, ó pọ́n yòò, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì wà nínú rẹ̀: Ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní igun òkè, ìlà tín-ín-rín mẹ́ta dùbúlẹ̀ lórí ara wọn. Ẹ̀yìn wọn ni gbogbo ìyókù ìkànnì sá pamọ́ sí. Norm Cox ló ya ìlà mẹ́ta yẹn fún kọ̀ǹpútà Xerox Star ní 1981, orí fóònù gbogbo ayé ló sì wà báyìí.

Ojú ewé yìí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Síbẹ̀, odidi ilé eré ló gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ wọlé: gbọ̀ngàn àti àga inú rẹ̀, òṣèré àti onílù, àtẹ̀gùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí, iye owó ọmọdé àti ti àgbà, àkókò tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé, mọ́tò ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá. Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó mìíràn sì tọ ipa ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá wọ ìlú, wọ́n á gbé gbohùngbohùn sórí mọ́tò, wọ́n á lẹ pósítà mọ́ ara rẹ̀, wọ́n á sì máa yí ìlú ká lọ́sàn-án ọjọ́ eré. Ohùn á máa han gooro láti àdúgbò dé àdúgbò: orúkọ eré, orúkọ ọ̀gá òṣèré, gbọ̀ngàn, aago, owó ìwọlé.

Nǹkan márùn-ún yẹn náà ni ìkànnì ń sọ. Ìkànnì tó dára a ti sọ wọ́n tán kí àtàǹpàkò tó fa ojú ewé sókè lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí kò dára a máa fi ọ̀rọ̀ ìkíni alága ṣíwájú, á fi ìtàn ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, á tún fi fídíò tó ń pariwo fúnra rẹ̀ kún un. Ọjọ́ eré á wá wà nínú àwòrán pósítà kan nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà rẹ̀ ti kéré débi pé àfi kí ènìyàn fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó tó lè kà á.

Àwòrán orí ìtàgé ní wàhálà tirẹ̀. Dúdú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iná a máa dà sórí òṣèré kan, á sì fi àwọn yòókù sínú òjìji. Lẹ́tà funfun tó bá bọ́ sórí òjìji á yọ kedere, ṣùgbọ́n bí ìlà ọ̀rọ̀ náà bá ti kọjá sórí agbádá funfun òṣèré, ìdajì orúkọ eré á rì sínú aṣọ.

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń ṣe sí i kò hàn sójú. Wọ́n á ta òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín àwòrán àti lẹ́tà, èyí tó dúdú nísàlẹ̀, tó sì ń ṣí bó ṣe ń gòkè. Ìlànà W3C, àjọ tó ń bójú tó òfin wẹ́ẹ̀bù, ní ìwọ̀n fún un: ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kékeré àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Funfun báláú lórí dúdú kirikiri jẹ́ 21 sí 1. Lẹ́tà àwọ̀ eérú lórí funfun, tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fẹ́ràn, sábà máa ń kùnà ìdánwò náà, ẹni tó bá dúró nínú oòrùn ọ̀sán kò sì ní rí i rárá.

Lórí àwọn ìkànnì kan, àwòrán náà kì í dúró. Eré kan á yọ, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ á kọjá, òun náà á sún lọ fírí, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Ojú tó ń wá aago eré àkọ́kọ́ á já sórí orúkọ ìkejì. Ìlànà W3C kan náà sọ pé ohunkóhun tó bá ń yí fúnra rẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 5 gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n lè tẹ̀ kó dúró. Èyí tó dára jù ni kó má tilẹ̀ yí.

Ìwúwo tún wà níbẹ̀. Àwòrán tó jáde láti inú kámẹ́rà ayàwòrán lè tó MB 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fún un títí yóò fi kù sí bíi KB 200, kí ojú má sì mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó ń ra dátà ní díẹ̀díẹ̀ ló máa ń san owó fún ìyókù tí wọn kò fún kúrò.

Nínú lẹ́tà orúkọ eré gan-an ni nǹkan mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n yà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ẹ, wọ́n sì ní ọ, torí pé èdè Vietnam náà ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà méjèèjì. Èdè Vietnam kò ní ṣ. Bí wọ́n bá wá kọ Ẹfúnṣetán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ní irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, lẹ́tà mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án á jáde ní ìrísí kan náà, wọ́n á tò gbọọrọ. Ṣ tó wà láàárín wọn á ti inú fọ́ǹtì mìíràn wá. Ó lè sanra jù wọ́n lọ, ó lè rù, orí rẹ̀ lè má bá tiwọn dọ́gba, bí ẹni pé àlejò ló ya ìlà.

Àmì ohùn ni ti òkè. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, lẹ́tà á ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ẹ́ ni kò ní. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ fi ẹ sílẹ̀, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò bá kọ́ ní ibi tí orí lẹ́tà wà á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi gún lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kékeré bí ọ̀fẹ́, tó sábà máa ń wà nídìí owó ìwọlé, lè ti ibẹ̀ dojú rú pátápátá.

Ẹ̀rọ kọ́ ló ń dá èyí ṣe, ẹni tó yan fọ́ǹtì ni. Àwọn fọ́ǹtì tó mọ ipò àmì wà, Noto Sans tí Google gbé jáde wà lára wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí wọ́n bá fi òun kọ orúkọ yẹn kan náà, ṣ á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, àmì ohùn á jókòó sí góńgó orí lẹ́tà, ìlà náà á sì dúró.

Lẹ́yìn orúkọ ni kàlẹ́ńdà. Àpótí onígun mẹ́rin méje ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà márùn-ún sísàlẹ̀. Ọjọ́ tí kò sí eré rẹ̀wẹ̀sì ní àwọ̀ eérú, ọjọ́ tí eré wà mọ́lẹ̀, aago rẹ̀ sì wà nínú àpótí: 3 ọ̀sán, 7 alẹ́. Lórí ojú fóònù tóóró, àpótí náà á fún pọ̀ débi pé aago kò ní àyè mọ́. Ìkànnì tó mọyì ẹni tó ń kà á a pa kàlẹ́ńdà tì níbẹ̀, á to ọjọ́ sísàlẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: Ọjọ́ Ẹtì, 7 alẹ́, ó kù díẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 ọ̀sán, ó ti tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ ni àwòrán àga, ibẹ̀ sì ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ yìí wà.

Gbọ̀ngàn Olivier, tó wà nínú National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ àpẹẹrẹ tó le. Denys Lasdun ló ya àwòrán ilé náà, wọ́n sì ṣí i ní 1976. Gbọ̀ngàn yẹn là bí abẹ̀bẹ̀, ó wo gbọ̀ngàn ìgbàanì Epidaurus ní Gíríìsì kọ́ṣe, àga inú rẹ̀ sì lé ní 1,000. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré Wọlé Ṣóyínká, Death and the King's Horseman, ní 2009. Ẹni tó bá dúró nínú gbọ̀ngàn náà á rí ìlà àga tó tẹ̀ kọrọdọ, tó ń gòkè lọ ní ìpele méjì, tí gbogbo rẹ̀ kọjú sí ibì kan ṣoṣo.

Bí wọ́n bá tẹ́ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ pẹrẹsẹ sórí fóònù, òbìrìkìtì tó dúró fún àga kọ̀ọ̀kan kò ní ju ọ̀kan nínú àmì ìdánudúró inú ìwé ìròyìn lọ. Ìka ènìyàn tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ìka kan á bo àga mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí yóò sì mú nínú wọn kò dájú. WCAG 2.2, ìlànà tí W3C gbé jáde ní October 2023, fi píksẹ́lì 24 ní ìbú àti 24 ní gíga ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún ohun tí ènìyàn ń tẹ̀.

Nítorí náà, àwòrán àga gbọ́dọ̀ lè fẹ̀. Ìka méjì á tẹ ojú gíláàsì, wọ́n á jìnnà síra, ìlà àga á sì máa tú kúrò lára ara wọn. Òbìrìkìtì á tóbi. Nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú wọn: 12, 13, 14. Lẹ́tà orúkọ ìlà á yọ létí méjèèjì. Bó ti wù kí ó fẹ̀ tó, etí òbìrìkìtì kò ní ṣú bàìbàì.

Ìdí tí kò fi ń ṣú wà nínú kóòdù. Wọn kò kun àga kankan. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ni àga kọ̀ọ̀kan: òbìrìkìtì, iye tó fi jìnnà sí etí òsì, iye tó fi jìnnà sí òkè, ìwọ̀n láti àárín rẹ̀ dé etí. SVG ni orúkọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, W3C fọwọ́ sí i ní 2001. Fóònù á ka nọ́ńbà yẹn, á sì ya òbìrìkìtì lọ́tun ní gbogbo ìgbà tí ìka bá fẹ̀ ẹ́. Gbọ̀ngàn tó gba 1,000 ènìyàn wá di 1,000 ìlà ọ̀rọ̀ tó tò tẹ̀ léra.

Àwọ̀ ló ń sọ iye owó. Àga iwájú lè jẹ́ àwọ̀ aró, àárín lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀yìn lè pọ́n rúsúrúsú, èyí tí wọ́n ti rà á di àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ọ̀kan nínú 12 ni kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé dáadáa, irú ojú bẹ́ẹ̀ sì wà níbi gbogbo láyé. Fún wọn, àga tó ṣí sílẹ̀ àti èyí tó ti lọ lè jẹ́ àwọ̀ kan náà. Àmì kékeré ló ń gbà wọ́n: àga tó ti lọ á ní ìlà méjì tó dábùú ara wọn, èyí tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú á ní àmì yẹ́ẹ̀sì nínú.

Àga kan tún wà tí ẹni tó bá jókòó sí i kò ní rí orí ìtàgé tán. Òpó lè wà níwájú rẹ̀, irin ààbò òkè-pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè gé ẹsẹ̀ òṣèré kúrò. Ìkànnì olóòótọ́ a máa kọ ọ́ sí ara àga náà kí wọ́n tó rà á. Àwọn ilé eré kan tilẹ̀ ya fọ́tò láti orí àga: bí ìka bá ti kan òbìrìkìtì, fọ́tò á yọ, orí ìtàgé á hàn bó ṣe máa rí láti ibẹ̀, pẹ̀lú òpó tó dúró ní ìdá mẹ́ta àwòrán.

Bí ẹnì kan bá ti mú àga, àga náà á di àwọ̀ eérú lójú gbogbo ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì á pàdé lórí àga kan lálẹ́ ọjọ́ eré, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Aago kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn lókè ojú ewé, ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 ní ọ̀pọ̀ ilé eré. Nọ́ńbà rẹ̀ á máa já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé òdo kí owó tó wọlé, àga á padà di ti gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ yìí le débi pé ilé opera Metropolitan ní New York kọ́ ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún un. Tessitura ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ilé eré ní orílẹ̀-èdè mìíràn ló sì ń lò ó lónìí.

Fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, àwòrán àga jẹ́ ohùn. Ètò akàwé inú fóònù, bíi TalkBack tàbí VoiceOver, á máa ka ohun tó wà lábẹ́ ìka. Bí ẹni tó kọ́ ìkànnì kò bá fún òbìrìkìtì ní orúkọ, ohun tí afọ́jú máa gbọ́ ni: bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì, títí dé orí ẹgbẹ̀rún. Bó bá fún un ní orúkọ, ohùn á sọ pé: ìlà D, àga 14, náírà 15,000, ó ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn kì í hàn lójú ewé fún ẹlòmíràn rárá. Inú kóòdù ló ń gbé.

Gbọ̀ngàn ńlá ilé eré orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní Ìgànmú, Èkó, tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC 77, gba ìjókòó 5,000 nígbà tí wọ́n ṣí i. Láti 2024 ni wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pe ilé náà. Òbìrìkìtì 5,000 lórí fóònù á di eruku lásán. Irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ènìyàn ní apá tó ń fẹ́, òkè tàbí ìsàlẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì, kí àwòrán àga tó ṣí. Gbọ̀ngàn kékeré tí wọ́n ti ń to àga ike kò nílò àwòrán kankan. Gbólóhùn kan tó fún un: ẹni tó bá tètè dé ni yóò yan àga tó wù ú.

Bí ìkànnì ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í hàn títí ọwọ́ àjèjì yóò fi kàn án. Ní yàrá kan ní Sùúrùlérè, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sídìí tábìlì, fóònù wà níwájú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ìkànnì fún ẹgbẹ́ òṣèré kan sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, gbogbo ohun tó bá ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ ṣáà máa sọ ọ́ jáde.”

“Kí n máa dá sọ̀rọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Kì í ṣe ẹ̀yin là ń dán wò. Ìkànnì yẹn là ń dán wò.”

Màmá fa awò ojú wọn wálẹ̀ díẹ̀. Ìka ìlábẹ̀ ni wọ́n lò, wọn kò lo àtàǹpàkò. Ìka náà rábàbà lórí àwòrán àga, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n di ìka mọ́ ọn. Òbìrìkìtì méjì ló tàn lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ọ̀kan ni mo fẹ́, ó ti di méjì.” Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú. “Àwọn tó ṣókùnkùn yìí, ṣé àwọn ni wọ́n ti rà, àbí àwọn ni mo lè rà?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fèsì, ó ń kọ̀wé. Màmá yí fóònù sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, wọ́n tún dá a padà.

“Ọmọ mi, orí ìtàgé dà?”

Kò sí níbẹ̀. Òbìrìkìtì ló kún ojú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tó sọ ibi tí iwájú wà. Ẹni tó kọ́ ọ ti mọ gbọ̀ngàn náà lámọ̀dunjú, ojú rẹ̀ ti ń rí orí ìtàgé níbi tí ẹnikẹ́ni kò yà á sí. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà nípọn kan lọ lókè àwòrán, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ÌTÀGÉ nínú rẹ̀. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ nídìí irú ìdánwò yìí, kọ ọ́ ní 2000 pé ènìyàn 5 ti tó láti tú èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe ìkànnì síta. Irú màmá yìí gbọ́dọ̀ wà lára wọn.

Owó sísan kò ní ohun púpọ̀ tí ojú lè wò. Àpótí fún nọ́ńbà káàdì, àpótí fún ọjọ́ tó máa kú, tàbí nọ́ńbà àkáǹtì tí ènìyàn máa fi tiransífà ránṣẹ́ sí. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni gbólóhùn tó ń yọ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín. Àwọn ìkànnì kan á kọ nọ́ńbà àṣìṣe sílẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Àwọn mìíràn á sọ bóyá owó ti kúrò ní báńkì tàbí kò tíì kúrò, wọ́n á sọ pé àga ṣì wà nípamọ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè. Àyà ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ń já ní ìṣẹ́jú yẹn, gbólóhùn mẹ́ta yẹn sì ni oògùn rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin dúdú àti funfun, ó kún fún àmì wẹ́wẹ́ tí ojú ènìyàn kò lè kà. Igun mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ní àpótí tó wà nínú àpótí. Àwọn ló ń jẹ́ kí kámẹ́rà mọ ibi tí òkè wà, bí fóònù tilẹ̀ dorí kodò lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Ilé iṣẹ́ Denso Wave ní Japan ló gbé irú àmì onígun mẹ́rin yìí jáde ní 1994, láti máa fi tọpa ẹ̀yà ara mọ́tò nínú ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é ní ìpele tó lágbára jù, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lè bàjẹ́, ẹ̀rọ á sì tún kà á.

Lẹ́nu géètì, ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì á na fóònù tirẹ̀ sí ti òǹwòran. Kámẹ́rà rẹ̀ á wo àmì náà, ẹ̀rọ á dún pín-ín, ọwọ́ á júwe ọ̀nà. Bí ojú fóònù òǹwòran bá ṣókùnkùn jù, ẹ̀rọ kò ní dún. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá pé sí ẹnu géètì tí gbogbo wọn ń ṣí ìkànnì kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wúwo. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú làákàyè a ti fi ara rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù láti ilé, kò sì ní béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ojú ewé tí wọn kì í sábà ṣí ló tẹ̀ lé e, èyí tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń dé ilé eré. Gbọ̀ngàn Àṣà ní Ìbàdàn, tí Demas Nwoko ya àwòrán rẹ̀, wà lórí òkè Mọ́kọ́lá. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn nílò láti mọ̀ pé òkè ni kó tó kúrò nílé. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn? Ṣé ọ̀nà wà tí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lè gbà? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, ìsàlẹ̀ ló wà àbí òkè? Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. “Àtẹ̀gùn 11, irin ìdìmú wà lápá ọ̀tún” sàn ju “gbogbo ènìyàn ni a ń kí káàbọ̀” lọ.

Ní National Theatre ti Lọ́ńdọ̀nù, ìkànnì a máa fi ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ òṣèré sójú pátákó fún àwọn adití sọ́tọ̀, a sì máa fi ọjọ́ tí ẹnì kan ń ṣàpèjúwe eré sí afọ́jú létí sọ́tọ̀. Ní 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún adití ní awò kan tí ọ̀rọ̀ ń yọ lára gíláàsì rẹ̀ bí òṣèré ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí ìkànnì ń fi kún un kò ju àmì kékeré kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́, ṣùgbọ́n adití tó bá rí i mọ ọjọ́ tó máa wọ aṣọ jáde.

Eré á parí, ojú ewé rẹ̀ á kù sílẹ̀. Àwọn ilé eré kan á pa á rẹ́, àwọn mìíràn á yọ bọ́tìnì kúrò, wọ́n á fi fọ́tò, orúkọ òṣèré àti ọjọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́la. Nígbà kan, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Flash ni ọ̀pọ̀ ìkànnì eré àti ti orin fi ń ṣe iṣẹ́: aṣọ ìkélé á ṣí lójú kọ̀ǹpútà, orin á dún, lẹ́tà á fò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Adobe fi òpin sí Flash ní ọjọ́ 31 oṣù December 2020. Ẹni tó bá ṣí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ lónìí, àpótí òfìfo ló máa bá. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà lásán kọ ṣáájú ọdún 2000 ṣì ń ṣí wẹ́rẹ́.

Ẹgbẹ́ òṣèré tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìkànnì, kó kọ́kọ́ ná an lórí àwòrán àga, lórí fọ́ǹtì tó mọ èdè wa kọ, àti lórí ojú ewé tó ń ka àtẹ̀gùn. Ìyókù lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.